A Kì í Tọrọ Ọmọ Sàráà

Nígbà tí reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin, tí àwọn òyìnbó ń wọn ilẹ̀ kiri bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Gámbàrí tí àwọn ará àdúgbò gbà pé orí rẹ̀ kò pé tó. Sàní ni orúkọ rẹ̀. Kì í jà, kì í mutí, kì í pa ìrun jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé yóò gbé àpótí onígi kan kọ́ èjìká, yóò rìn láti àárín ìlú dé Òkè Sóbì, yóò gun òkè náà dé ibi tí òkúta ti rí págunpàgun, yóò sì dúró níwájú igi tó ti kú, yóò máa wò ó.

Lọ́kọ́ja ló ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò yíyà lọ́dọ̀ Sàró kan, àpótí náà sì ni ẹ̀rọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbé àpótí náà wọlé, ìyá rẹ̀, Asabe, bú sẹ́kún. Ó ní àwọn àáfà ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá ya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí, wọn yóò ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìgbéǹde, kò sì ní rí i ṣe. Sàní fi orúkọ Ọlọ́run búra fún un pé òun kò ní ya ohunkóhun tó ń mí láéláé. Òkúta kì í mí. Igi tó ti kú kì í mí. Òkè Sóbì sì kún fún méjèèjì, nítorí náà ó di ará òkè. Kò pẹ́ tó fi rí i pé igi gbígbẹ tilẹ̀ yẹ iṣẹ́ náà ju igi tútù lọ. Díńgí inú àpótí a máa pẹ́ kó tó gba àwòrán, atẹ́gùn a sì máa da ewé igi tútù rú títí yóò fi rí bíi kùrukùru. Igi gbígbẹ kì í mira, nítorí ó ti bá atẹ́gùn jà títí tí ìjà náà fi parí.

Igi èmi kan, irú èyí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, wà níbi tí òkè náà ti ga jù. Èèpo rẹ̀ ti bọ́ tán, oòrùn ti sọ ọ́ di funfun, ẹ̀ka kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀, ó nà án síta bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ti lọ, tí ojú ọ̀run mọ́ rekete, Sàní gbé àpótí lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó fi aṣọ dúdú borí, ó ń wo igi náà nínú díńgí. Bí àpótí wọ̀nyẹn ṣe ń fi nǹkan hàn ni, gbogbo rẹ̀ ló dorí kodò: gbòǹgbò wà lókè, ọ̀run wà nísàlẹ̀. Bó ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin kan fi orí dúró wọ inú díńgí náà, ó gbé àáké sókè, ó sì sọ ọ́ mọ́ ìdí igi.

"Dúró!" Sàní kígbe láti abẹ́ aṣọ.

Àáké bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ohun tó rí ni nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó da aṣọ dúdú borí tó sì ń sọ Yorùbá. Hàlímọ̀tù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ti ju ìdì igi sílẹ̀, ó ti sá dé ìsàlẹ̀.

"Àúsùbílláhì! Jínnì!"

Sàní yọ orí jáde wéréwéré. "Èmi kì í ṣe jínnì o. Ọmọ Gámbàrí ni mí."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?" ni ọmọbìnrin náà wí. Àyà rẹ̀ ṣì ń já, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò já rárá.

"Jọ̀ọ́, má gé igi yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú rẹ̀."

"Ìwọ nìkan lo ń wá a? Ìyá mi náà ń wá a. Ìkòkò la ń mọ ní Òkè-Lélé, ọ̀la la sì máa sun ún. Bí igi kò bá gbẹ báyìí, èéfín ló máa pa wá."

"Igi gbígbẹ pọ̀ lórí òkè yìí."

"Kí ló dé tí o ò lọ ya òmíràn?"

"Òmíràn kò dúró bí eléyìí."

Ọmọbìnrin náà yíjú wo igi náà. Ó ti ń ti ìdí rẹ̀ kọjá láti kékeré, kò sì wò ó rí. Sàní ní kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó rìn sẹ́yìn jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun fara kan ọmọ ọlọ́mọ, ó sì na ọwọ́ sí aṣọ dúdú náà. Ọmọbìnrin náà borí, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ó lẹ́wà," ló sọ, bí ẹni tí ó ń bínú pé ó lẹ́wà. "Ya èmi náà."

"Mi ò lè yà ọ́. Mo ti búra fún ìyá mi. Ohun tó bá ń mí, mi ò gbọ́dọ̀ yà á."

"Bí mo bá dá èémí dúró ńkọ́?"

Sàní rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkúta. Ọmọbìnrin náà gbé àáké rẹ̀, ó wá igi mìíràn lọ. Ó ku díẹ̀ kó wọ kọ̀rọ̀ òkúta ìsàlẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Bíbojú wẹ̀yìn yẹn ló ba ti Sàní jẹ́. Ó ya igi náà lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í bóyá ó dára, kò mọ̀. Ọkàn rẹ̀ ti bá ẹrù igi sọ̀kalẹ̀ lọ sí Òkè-Lélé.

Láti ìgbà náà, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń sun ìkòkò ju àwọn tó ń mọ ìkòkò lọ. Ní àárọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, yóò ti wà lórí òkè. Ọmọbìnrin náà, Salimat lorúkọ rẹ̀, yóò dé pẹ̀lú Hàlímọ̀tù, tó ti gbà wàyí pé ènìyàn ni. Hàlímọ̀tù a máa ṣẹ́gi, àwọn méjì yòókù a máa sọ̀rọ̀. Bí ẹrù igi Salimat ṣe ń kéré sí i lójoojúmọ́, ìyá rẹ̀ ló mọ̀.

Ọjọ́ kan, Sàní kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Salimat, mo fẹ́ rán àwọn èèyàn mi sí baba rẹ."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọbìnrin náà. "Jọ̀ọ́, má rán ẹnì kankan."

"O ò fẹ́ mi?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Jókòó, kí n sọ ọ̀rọ̀ ara mi fún ọ." Ó gbé àáké lélẹ̀. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ṣàìsàn débi pé wọ́n ti fi aṣọ bò mí lójú. Baba mi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí mo bá yè, òun máa fi mí ṣe sàráà fún ọkùnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run. Kò ní gba nǹkan ìdána kankan. Gbogbo Òkè-Lélé ló mọ̀."

"Ta ni ọkùnrin náà?"

"Kò tíì rí i. Ó ń wò ó."

"Ṣé mi ò lè jẹ́ ẹni náà?"

"O lè jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n o ò gbọ́dọ̀ tọrọ mi. Baba ní sàráà tí èèyàn bá tọrọ, bárà ni, òun ò sì jẹ́jẹ̀ẹ́ bárà. Àwọn kan ti wá tọrọ mi rí. Títí dòní, bí Baba bá rí wọn lọ́nà, kì í bá wọn sọ ju sálámà lọ. Ìwọ máa wá jókòó síbi wáàsí rẹ̀. Jẹ́ kó rí ọ. Jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa sọ ọ́."

"Kí n kàn máa wò, kí n má sọ nǹkan kan?"

"Ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyẹn," ni Salimat wí.

Báyìí ni ọmọ Gámbàrí di ọmọlẹ́yìn Àáfà Àbdùlkàrímù, baba Salimat. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní ojúde Àáfà, yóò jókòó lẹ́yìn àwọn tó jókòó, yóò tẹ́tí. Àáfà jẹ́ ẹni tín-ínrín tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan dá. Lọ́jọ́ kan, ó pè é síwájú.

"Wọ́n ní o ń ya àwòrán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àáfà. Òkúta àti igi gbígbẹ ni."

"Bí o bá ya ènìyàn lórí òkè níbẹ̀, ta ló máa rí ọ?"

"Ẹni tí mo fi orúkọ rẹ̀ búra ni, Àáfà."

Àáfà ní kó padà sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ inú ilé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Abọ́sẹ̀dé, pé òun rò pé òun ti rí ẹni tí òun ń wá. Abọ́sẹ̀dé kò lè pa á mọ́ra, ó yọ́ ọ sọ fún ọmọ rẹ̀. Salimat lọ sẹ́yìn ilé lọ po amọ̀, ó po ó títí amọ̀ fi rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí nǹkan bàjẹ́ sí nìyí. Ayọ̀ pọ̀ lójú Sàní, ìyá rẹ̀ bi í léèrè, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Gọ́gọ́ Ládi wà níbẹ̀, àbúrò baba rẹ̀ lóbìnrin, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Gọ́gọ́ bí àwọn ará Gámbàrí ṣe ń pe arábìnrin baba. Obìnrin rere ni, ṣùgbọ́n bí ọlá ìdílé rẹ̀ bá ti wọ ọ̀rọ̀, etí rẹ̀ a di. Ó dúró kí Sàní jáde, ó wá yíjú sí Asabe.

"Kái! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò gba ìyàwó bí alágbe ṣe ń gba túwó? Kí ni wọn ó máa pè wá? Ìdílé tí kò ní obì?"

"Gọ́gọ́, ọmọ náà ní kí a má lọ."

"Ọmọdé ló ń sọ̀rọ̀. Wállàhí, baba wo ló máa rí ẹ̀bùn tó kún igbá tí yóò ní kí a gbé e padà?"

Ní ọjọ́bọ̀, Sàní wà lórí òkè nígbà tí Gọ́gọ́ Ládi àti àwọn àgbà ilé gbé igbá obì àti iyọ̀ wọ agboolé Àáfà Àbdùlkàrímù. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n ní òdòdó kan làwọn rí nínú ọgbà rẹ̀ táwọn wá tọrọ. Àáfà gbọ́ ọ tán. Ó fa ọmọrí igbá, ó fi dé e.

"Ta ni ọmọ yín?"

"Sàní ni, Àáfà. Ọmọlẹ́yìn yín ni."

Ó ti igbá náà padà síwájú wọn. "Jímọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ pe ọmọ náà síwájú ìjọ, kí n fi ọmọ mi lé e lọ́wọ́. Ẹ wá ti tọrọ rẹ̀. Bí mo bá fi í fún yín lónìí, bárà ni mo dá lóhùn, ẹ̀jẹ́ mi ṣì wà lọ́rùn mi. Ẹ gbé igbá yín, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò bínú."

Ó bínú. Nínú yàrá, Salimat fi ìborùn di ẹnu ara rẹ̀ kí àlejò má baà gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tí Sàní gbọ́, kò bá Gọ́gọ́ jà. Ó wò ó lásán, ó wọ yàrá lọ. Gọ́gọ́ ì bá fẹ́ kí ó nà án ju wíwò yẹn lọ.

Wọn kò rán Salimat nígi mọ́. Hàlímọ̀tù nìkan ló ń wá, òun náà ló sì mú ìròyìn wá: Baba ti yan Àáfà Ìbráhímù ti Malete. Olóòótọ́ ènìyàn ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà ju Salimat lọ. Lẹ́yìn ìkórè ni yìgì.

"Kí ló ní kí o sọ fún mi?" ni Sàní bi í.

"Kò sọ nǹkan. Ó ń mọ ìkòkò ṣáá ni. Èyí tó bá mọ, yóò fọ́ ọ, yóò tún un mọ."

Sàní ń gun òkè síbẹ̀, kì í kúkú yàwòrán mọ́. Láti ibi tí igi èmi wà, èèyàn lè rí Òkè-Lélé, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ń sun ìkòkò, èéfín rẹ̀ yóò gòkè dúdú, yóò wá funfun, yóò tú ká. Ó mọ̀ pé ọwọ́ kan wà nísàlẹ̀ èéfín náà tó ń ti igi bọ iná. Nígbà kan, ó gbé àpótí kalẹ̀, ó ya èéfín náà. Nígbà tó fọ díńgí náà nílé kí àwòrán lè jáde, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe ojú ọ̀run tó dọ̀tí.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ níyà jù ni pé ojú Salimat ti ń sá fún un. Bí ó bá di ojú rẹ̀ kí ó lè rántí rẹ̀, bó ṣe kọ́kọ́ rí i nínú díńgí ló ń rí i, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, àáké lọ́wọ́. Ó ń bi ara rẹ̀ pé: ṣé ìwọ ni o gọ̀ tó báyìí? Ọmọbìnrin náà dúró níwájú rẹ, ó ní kí o ya òun, o ń ka ìbúra fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré, ta ni ì bá mọ̀? Lẹ́yìn náà, yóò tún rántí pé ìbúra yẹn gan-an ló mú kí Àáfà fẹ́ràn òun, gbogbo rẹ̀ a sì dàrú mọ́ ọn lójú. Ó fẹ́ lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àáfà, kí ó ké. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúnlẹ̀ ti tọrọ. Bí ó bá ti lè la ẹnu, ó ti pàdánù rẹ̀ títí ayé. Nítorí náà ó ń lọ síbi wáàsí bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀, ó ń jókòó lẹ́yìn, kò gbójú sókè. Salimat ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti inú ilé. Ikọ́ yẹn ni gbogbo ohun tó ń rí gbà nínú rẹ̀.

Wọ́n kórè. Àáfà Ìbráhímù gun ẹṣin dé láti Malete, agbádá rẹ̀ funfun, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Àwọn ọkùnrin jókòó síta. Ẹ mọ òfin wa: wọ́n gbọ́dọ̀ bi wúńdíá bóyá ó gbà, bí ó bá sì dákẹ́, ó ti gbà náà nìyẹn, nítorí ojú ń tì í. Àwọn obìnrin wọlé lọ bi Salimat. Wọ́n ti yí ẹ̀yìn padà tán láti lọ sọ pé ó dákẹ́, bó ṣe máa ń rí.

"Mi ò dákẹ́ o," ni Salimat wí.

"Ta ní í fọhùn níbẹ̀ yẹn? Pa ẹnu rẹ dé!"

"Ẹ sọ fún wọn pé mi ò dákẹ́! Mo ní mi ò gbà!"

Wọ́n da ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n amọ̀ ni ògiri, kì í ṣe irin. Gbogbo àwọn tó wà níta ló gbọ́. Àáfà Ìbráhímù wá bàtà rẹ̀.

"Òfin wà lẹ́yìn ọmọ náà," ló sọ. "Àbdùlkàrímù, o jẹ́jẹ̀ẹ́ pé o máa fi ọmọ rẹ ta Ọlọ́run lọ́rẹ. O ò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé o máa fi ẹkún rẹ̀ kún un."

Ó gun ẹṣin rẹ̀, ó lọ. Ìtìjú yẹn pọ̀. Àáfà Àbdùlkàrímù kò na ọmọ rẹ̀, kò bú u. Ó kàn ń dá oúnjẹ tí ó bá sè padà. Ó burú ju pàṣán lọ. Salimat bẹ̀rẹ̀ sí rù. Sàní gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún, ó tún bà á nínú jẹ́, nítorí kò sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Ọmọbìnrin náà ti sọ tirẹ̀ tán lójú gbogbo ayé. Sàní gan-an ni wọ́n dí lẹ́nu.

Gọ́gọ́ Ládi ló tún gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé igbá, kò kó àgbà lẹ́yìn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àáfà.

"Mi ò wá tọrọ nǹkan o, Àáfà. Mo wá sọ òótọ́ ni. Ọmọ náà kò rán wa níṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní kí a má wá. Èmi ni mo wò ó pé kí wọ́n má sọ pé a kò ní. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ẹ má kà á sí i lọ́rùn."

"Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

"Orí òkè ló wà, Àáfà. Pẹ̀lú àwọn igi rẹ̀."

Àáfà ní kí ó dìde nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọjọ́ kejì, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi ta, ó ti ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun Òkè Sóbì, ó ń sinmi, ó tún ń gùn. Sàní gbọ́ ìró ọ̀pá lára òkúta, ó gbójú sókè, ó rí Àáfà láàárín àwọn igi gbígbẹ, òógùn bò ó. Ó sáré lọ dì í mú, ó mú un jókòó, ó fún un lómi. Arúgbó náà mí títí, ó wo àwọn igi náà yí ká, ó wo èéfín Òkè-Lélé nísàlẹ̀. Ibi tí ọmọkùnrin yìí ń jókòó wò lójoojúmọ́ wá yé e.

"Sàní."

"Àáfà."

"Kí lo fẹ́?"

Gbogbo ohun tó ti gbé mì láti ìgbà yẹn sáré wá sẹ́nu Sàní, ó sì mọ̀ pé orúkọ kan ṣoṣo ni yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti tọrọ. Bí mo bá ní mi ò fẹ́ nǹkan kan, mo ti parọ́ níwájú Ọlọ́run." Omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n máa wá síbi wáàsí yín bẹ́ẹ̀. Ó tó."

Àáfà fi etí agbádá nu ojú ara rẹ̀, bóyá òógùn ni.

"Mi ò bi ọ́ mọ́," ló sọ. "Mo ní ẹ̀jẹ́ kan lọ́rùn. Ọmọ mi, Salimat, mo fi ṣe sàráà fún ọ nítorí Ọlọ́run. Ṣé o gbà?"

Sàní dojú bolẹ̀ lórí òkúta.

"Mo ti bi òun kí n tó kúrò nílé," ni Àáfà wí. "Ó ní kí n tètè máa lọ, kí oòrùn má baà mú mi lọ́nà. Dìde. Ìyá rẹ̀ ti gbé omi kaná, àwọn èèyàn ti ń jókòó."

Sàní dìde, ó tún jókòó. Àáfà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọn kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà ìkórè, ó sì na ọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó ni àwa ń fà lọ́wọ́ lọ sílé ọkọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo Òkè-Lélé jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rí arúgbó tó fa ọkọ lọ́wọ́ bọ̀ wá fún ìyàwó, ọkọ náà sì ń sunkún bí ìyàwó.